Sọ̀fíyàt, Olùkọ́ Tí Ń Béèrè Ẹ̀kọ́ Àná

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan báyìí kọjá láàárọ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, yóò gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé tẹ̀lé olùkọ́, kíláàsì kan ń lé, èkejì ń gbè é. Ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí kíláàsì ìkẹyìn, èyí tó fẹ̀yìn ti òkè, gbogbo rẹ̀ á dédé parọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé olùkọ́ ibẹ̀ kò wá síṣẹ́ ni. Ó wá. Ó dúró síwájú, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n kọ́ lánàá nínú orí ara wọn. Sọ̀fíyàt Badmus lorúkọ rẹ̀. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, síbẹ̀ orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ níbi iṣẹ́, ẹni tó bá sì mọ bàbá náà kò ní bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ilé kéú ni wọ́n bí i sí. Alfa Jimoh Badmus, bàbá rẹ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lábẹ́ òrùlé páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, kò jìnnà sí ọjà Ìkàrẹ́. Ọ̀nà tí Alfa ń gbà kọ́ni kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ á kọ ẹsẹ tó kàn sára wàláà, á kà á títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà á fi omi fọ̀ ọ́ dànù. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Alfa kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹsẹ tuntun àfi tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí wọ́n fọ̀ dànù lánàá. Tó bá wá di ọjọ́ Àlàrùbá, gbogbo ti ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọ yóò kà lórí láìwo nǹkan kan. Àwọn ọmọ a máa kùn pé Alfa kì í jẹ́ kí ohun tó ti lọ lọ. Alfa a sì fèsì pé, "Ohun tí o kò bá lè kà nígbà tí wàláà ti mọ́, ìwọ kọ́ lo ni ín. Wàláà ló ni ín."

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ Sọ̀fíyàt lọ́rùn níbẹ̀. Pàṣán Alfa kì í jìnnà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin yìí bá wà nídìí kànga tó ń fami, ẹsẹ tó kọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá ti dúró lé e lórí tó gbé pàṣán sókè, gbogbo rẹ̀ á sá lọ, ahọ́n rẹ̀ á wúwo bí òkúta. Lọ́jọ́ kan ó gbójú bi bàbá rẹ̀ léèrè.

"Bàbá, kí ló dé tí mo mọ̀ ọ́n nídìí kànga, tí n kò wá mọ̀ ọ́n níwájú yín?"

"Iṣẹ́ Ṣàìtánì ni," Alfa ní. "Túbọ̀ tẹra mọ́ ọn."

Sọ̀fíyàt tẹra mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò wọlé sí i lára. Ó gbé ìbéèrè ọ̀hún sínú dàgbà.

Nígbà tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó rò pé ìwé kíkà kò lè ṣòro fún ọmọ alfa. Ó ń ka nóòtì rẹ̀ ní àkàtúnkà. Ó ń fi báírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ títí ojú ìwé fi pọ́n bí epo. Bó bá ṣí ìwé, kò sí ohun tí kò dá mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó síwájú ìbéèrè ìdánwò, ńṣe ló dà bí ẹni tó mọ ojú èèyàn dáadáa tí kò rántí orúkọ rẹ̀. Ó fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ tó pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ó sunkún títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá òwò ni kí òun lọ máa ṣe.

Sáà tó tẹ̀lé e ni obìnrin olùkọ́ kan wọlé wá bá wọn, ẹni tó ń kọ́ni nípa bí ọkàn àti ọpọlọ ọmọ ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ẹni gbogbo ni í dákẹ́ fún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà wá, ó ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Báírò dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn.

"Ẹ mọ ojú ìwé yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkàtúnkà a máa tan ènìyàn jẹ. Ojú á mọ ọ̀rọ̀, ọkàn á ní òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orí dà bí oko tó wà lọ́nà jíjìn. Kì í ṣe pípe orúkọ oko ni í jẹ́ kí ọ̀nà ibẹ̀ là, rírìn ín ni. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí o bá sapá wá nǹkan rí nínú ọpọlọ rẹ láìwo ìwé, ìgbà náà ni ọ̀nà rẹ̀ ń là sí i. Bí o bá sì jẹ́ kí koríko hù sí i díẹ̀ kí o tó padà rìn ín, yóò mọ́lẹ̀ ju ti ẹni tó rìn ín láìdúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò padà mọ́."

Obìnrin náà tún sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù. Ó ní bí àyà ọmọ bá já, ọpọlọ rẹ̀ á fi ríronú sílẹ̀, á kọjú sí bí yóò ṣe sá. Ohun tí ọmọ mọ̀ kò kúrò nínú orí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ìbẹ̀rù dúró sí.

Sọ̀fíyàt jókòó ṣánṣán. Kò tún rí kíláàsì mọ́. Òrùlé páànù Ìkàrẹ́ ló ń rí, ó ń rí wàláà tó ń ro omi, ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ń béèrè ti àná. Ohun tí bàbá rẹ̀ jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ láìsí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ni àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò káàkiri ayé tí wọ́n sì rí i pé ó tọ́. Orí rẹ̀ wú. Ó sì rí ìdáhùn ọ̀rọ̀ ìdí kànga lọ́jọ́ náà pẹ̀lú: ọwọ́ kan Alfa ló ń la ọ̀nà fún ọmọ, ọwọ́ kejì tó mú pàṣán ló ń dí i.

Láti ọjọ́ náà ló ti pa báírò pupa tì. Bó bá kẹ́kọ̀ọ́ tán, á pa ìwé dé, á máa sọ ọ́ fún ògiri bí ẹni tó ń kà níwájú alfa. Kò fìdí rẹmi mọ́. Ó kàwé gboyè, ó tún padà kàwé gba oyè kejì lórí ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Àkúrẹ́ àti Àbújá. Òun ní Àkókó lòun ń padà sí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó gbàgbé láti béèrè irú kíláàsì tí wọn yóò fún un.

Kíláàsì Síì ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn tó gba máàkì jù ni wọ́n ń kó sí Èè, àwọn tó tẹ̀lé wọn a bọ́ sí Bíì, àwọn tó ṣẹ́ kù a lọ sí Síì. Kò sí olùkọ́ tó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, kò sì sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Sọ̀fíyàt wọlé láti kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ó ní kí wọ́n sọ nípa ara wọn fún òun. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Àwa la ò mọ̀wé, mà." Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ìlú rẹ̀ fún àlejò. Gbólóhùn yẹn gún Sọ̀fíyàt lọ́kàn ju èébú lọ.

Ó ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárọ̀, kí ó tó fi ẹfun kan pátákó, á ní kí wọ́n pa ìwé dé kí wọ́n sọ ti àná. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á bi wọ́n ní ti gbogbo ọ̀sẹ̀. Á tún dédé fa ti oṣù tó kọjá yọ nígbà tí wọn kò retí. Kì í gba máàkì sílẹ̀ níbẹ̀, kì í sì í na ẹni tó bá ṣì í. Ẹni tó bá ṣì í, á bi í pé, "Báwo lo ṣe rò ó tó fi já síbẹ̀?" á sì dúró gbọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ rò pé ọgbọ́n ló ń ta láti mú wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti retí pàṣán títí tí pàṣán kò dé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lanu.

Gbogbo wọn lanu tán, ó ku Peace. Ọmọbìnrin gíga kan ni, ọmọ Epinmi, tí ìyá rẹ̀ kó wá sí Ìwàrò nítorí iṣẹ́ gàrí. Èdè Epinmi ni wọ́n ń sọ nílé, kì í sì í ṣe Yorùbá rárá. Bó bá bọ́ síta, èdè Ọ̀kà ló ń gbọ́. Bó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, Yorùbá inú ìwé tún yàtọ̀ sí ti ìta, òyìnbó sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Peace kò ju kó wolẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Caleb Ládélé, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ti sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́ pé, "Ọmọ yẹn, kò sóhun tó lè wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Sọ̀fíyàt kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí ọkàn ènìyàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀, àní ọkàn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá. Bí ọmọ bá fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ òyìnbó kiri, kí ni yóò fi gbá kókó ẹ̀kọ́ mú? Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara, ó pe Peace síwájú.

"Peace, sọ ọ́ ní èdè yín."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Peace wo olùkọ́ rẹ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń fi òun ṣe.

"Èdè Epinmi, mà?"

"Èdè tí ìyá rẹ fi ń pè ọ́ jẹun."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ń ròkè díẹ̀díẹ̀. Sọ̀fíyàt kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Peace di ìkúùkù sí àyà, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé bí ọkàn ṣe ń lù. Ó fi ìka fa ọ̀nà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó mí kanlẹ̀, ó dá ìka padà sí ọkàn, ó wá nà án lọ sí orí àti ẹsẹ̀. Kò ṣi ibì kankan. Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró ní kíláàsì.

"Ó dára. Sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwa tí a kò gbọ́ Epinmi."

Ó sọ ọ́. Nígbà tí Sọ̀fíyàt wá ní kó wí i ní òyìnbó, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ló fi wí i, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ Síì fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Peace bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ̀, Lucy, fi dé sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ìwé Peace ló gbé dání.

"Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwé ọmọ mi. Ó ṣófo! Ti ọmọ iwájú ilé wa ti kún dẹ́nu, nóòtì lórí nóòtì. Ṣé nítorí pé a kì í ṣe ọmọ ibí ni?"

Sọ̀fíyàt fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Ìyá Peace. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ta ló kọ́ yín ní gàrí yíyan?"

"Ìyá mi ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ yín?"

Lucy wò ó tìyanutìyanu. "Wọ́n yan án lójú mi. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde nídìí agbada, wọ́n ní ó kàn mí. Èyí tí mo kọ́kọ́ yan jóná."

"Kí wá ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n tún un yan." Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu obìnrin náà. "Ìyá mi le."

"Ohun tí mò ń ṣe fún Peace nìyẹn. Ó ń rí i lójú mi, lẹ́yìn náà mo ń dìde kúrò nídìí rẹ̀. Nóòtì kò níí pọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ẹ bi í léèrè nílé, ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ fi mọ̀. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ó ń tòògbé. Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ lòun ti ń rẹ́ ẹ̀gẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ lójúmọmọ síbi tó yẹ."

"Oorun?" Lucy fọwọ́ gbá itan. "Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé kí ọmọ máa sùn kó lè mọ̀wé!"

Ó lọ láìgbà tán, láìkọ̀ tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, Peace kò tòògbé ní kíláàsì mọ́.

Òpin ọdún ẹ̀kọ́ dé. Ìbéèrè kan náà ni Èè, Bíì àti Síì jọ ṣe. Nígbà tí èsì sáyẹ́ǹsì jáde, Síì ta Èè yọ. Ariwo sọ. Ọ̀gbẹ́ni Ládélé kò fi bò rárá. Ó dìde láàárín àwọn olùkọ́, ó ní, "Ìbéèrè jò. Kò sí bí a ṣe fẹ́ wí i. Síì tí a jọ mọ̀?"

Ìyáàfin Zipporah Abọ́dẹrìn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, pe Sọ̀fíyàt sínú ọ́fíìsì, Ládélé sì jókòó níbẹ̀. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni ọ̀gá yìí, ọ̀rọ̀ náà sì nira fún un láti sọ.

"Ìyáàfin Badmus, mi ò ní ẹ ṣe nǹkan. Àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ fi ìbéèrè han àwọn ọmọ?"

Omi lé sójú Sọ̀fíyàt, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Rárá, mà. Èmi náà kò rí ìbéèrè yẹn kí ó tó di ọjọ́ ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

"Ìgbà wo?" Ládélé ní. "Lọ́la?"

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí a bá wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi gígùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ ìbéèrè, kí ẹ sì máàkì rẹ̀. Kí Èè àti Bíì náà ṣe é."

Ládélé ya ẹnu. "Lẹ́yìn ìsinmi? Ìyáàfin, wọ́n á ti gbàgbé orúkọ ara wọn!"

"A ó wò ó, sà."

Ó jáde nínú ọ́fíìsì náà pẹ̀lú orí rẹ̀ lókè. Nígbà tó dé ilé ni ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó mọ ohun tí àwọn onímọ̀ wí, ṣùgbọ́n àwọn tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò kì í ṣe Peace, kì í sì í ṣe ọmọ tó ń fi gbogbo ìsinmi kọ ebè lóko bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé, kì í ṣe òun nìkan ni yóò tẹ́. Àwọn ọmọ náà á padà sí "àwa la ò mọ̀wé," kò sì sí ẹni tí yóò tún lè yọ wọ́n níbẹ̀ mọ́.

Nínú ìsinmi yẹn ló lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Alfa ti darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jókòó sábẹ́ páànù. Sọ̀fíyàt ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Alfa fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. "Ṣé o máa ń gbọ́ ti àná lẹ́nu wọn?"

"Lójoojúmọ́, Bàbá."

"Ti ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Sọ̀fíyàt rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó wá rí i pé ààyè ọ̀rọ̀ kan tó ti wà nínú òun láti kékeré ló ṣí sílẹ̀ yìí. Ó sọ̀rọ̀ pàṣán. Ó rọra sọ ọ́, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ó rán an létí ìbéèrè ìdí kànga, ó sì ṣàlàyé ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe nínú orí ọmọ. Alfa ń wo àwọn ọmọ kéékèèké tó tẹ̀ síwájú wàláà wọn.

"Bàbá mi náà nà mí," ló wá sọ. "Mo rò pé pàṣán ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

"Àtikà láìwo ni, Bàbá. Òun ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Sọ̀fíyàt dìde láti máa lọ, Alfa pè é padà. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ni Alfa wí, ó sì nawọ́ pàṣán sí i. "Bá mi fi í há àjà."

Ọjọ́ ìwọlé dé. Ìkùukùu bo orí òkè Ọ̀kà títí dé ìdí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ṣì ń bá ara wọn ṣàwàdà nígbà tí wọ́n tò wọ́n wọ gbọ̀ngàn, tí Ládélé sì pín ìbéèrè. Sọ̀fíyàt kò wọlé. Abẹ́ igi káṣú ló dúró sí, ó ń ka ohun tó mọ̀ lórí nínú Kùránì, kí ọkàn rẹ̀ lè dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ọmọ Èè ń kùn pé ìwà ìkà ni. Àwọn ọmọ Síì rọra ń jáde ní tiwọn. Peace kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ládélé jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́, ó ń máàkì. Àwọn ọmọ Èè tó mọ gbogbo rẹ̀ nínú ìdánwò tó kọjá ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni da omi sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Síì kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan. Nígbà tó dé orí ìwé Peace, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ọmọ náà ya ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ó fi ọfà tọ́ka ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ṣàlàyé ibi tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà bí ẹsẹ̀ bá gbọgbẹ́. Ìbéèrè náà kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ládélé ló ronú kàn án fúnra rẹ̀ láti fi mú wọn.

Ó fi báírò sílẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí tábìlì Sọ̀fíyàt lójú gbogbo olùkọ́.

"Ìyáàfin Badmus, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Ẹ forí jì mí. Ìbéèrè kò jò. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ti ń ṣe é hàn mí."

Sọ̀fíyàt dìde fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. "Ẹ wá jókòó ní kíláàsì mi lọ́la, sà. Ẹ̀yin náà á sì fi bí ẹ ṣe ń kọ́ ìṣirò onígun mẹ́ta hàn mí, torí n kò gbọ́ ọ yé títí dòní." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ pé jọ fún àdúrà, Ìyáàfin Abọ́dẹrìn bọ́ síwájú. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ó ní, "A fura sí Kíláàsì Síì. A ṣì í. Èmi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá yín ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn." Àwọn ọmọ Síì kò hó, kò sì sí ẹni tó fò sókè. Ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó jí, tó bá ara rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà sì ràn títí ó fi gba gbogbo ìlà.

Ọdún ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n tú Èè, Bíì àti Síì ká, tí wọ́n da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ládélé kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mọ́ láìbéèrè ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Sọ̀fíyàt ṣì máa ń jiyàn bóyá ọ̀lẹ wà lóòótọ́ tàbí kò sí. Àwọn olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ míì, láti Ayégúnlẹ̀ títí dé Ìkàrẹ́, ń gun ọ̀kadà wá lọ́jọ́ Sátidé láti jókòó tì í. Lucy, ìyá Peace, a máa fi gàrí ránṣẹ́ sí wọn, a sì máa sọ fún àwọn obìnrin ìdí agbada pé oorun ni oògùn ìwé.

Nígbà tó yá, Alfa Badmus ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Wọ́n gbé e gba ọ̀nà gbágungbàgun òkè Ọ̀kà dé Ìwàrò, ó wọ jálàbíà funfun, ó sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Peace ti wà ní kíláàsì àgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó tọrọ ààyè wá. Ó dúró síwájú bàbá arúgbó náà, ó fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn. Alfa da ìbéèrè bò ó: kí ló ń ti ọkàn tó fi ń lù lójú oorun? Kí ló dé tí ọwọ́ arúgbó fi ń tutù? Peace dáhùn èkíní. Fún èkejì, ó ronú díẹ̀, ó ní, "N kò tíì mọ èyí, Bàbá. Màá wá a." Alfa mi orí. Ó ní ìdáhùn kejì yẹn ló dùn mọ́ òun jù.

Sọ̀fíyàt dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n mú Alfa lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ láti kí wọn, kò dúró de ẹni tí yóò fi í hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì àkọ́kọ́. Ó bọ Ládélé lọ́wọ́, ó ní, "Badmus ni mí. Èmi ni mo bí i." Ó kọjá sí ẹni tó tẹ̀lé e, ó ní, "Èmi ni mo bí i." Ó sọ ọ́ fún Ìyáàfin Abọ́dẹrìn, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tún fẹsẹ̀ dúró ní ẹnubodè, ó sọ ọ́ fún ọlọ́dẹ. Nígbà tí ọkọ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀ òkè padà sí Ìkàrẹ́, ó fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká láti ẹ̀yìn.

"Ǹjẹ́ o mọ olùkọ́ obìnrin yẹn?" ló bi í.

"Mo mọ̀ wọ́n, Alfa. Wọ́n kọ́ àbúrò mi."

"Ó dára," ni Alfa wí, ó fẹ̀yìn tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.